Ẹni Eji Bá Rí: Ojú Ọjọ́, Ìlera àti Ìtàn Àwọn Yorùbá ní Sabon Gari, Kánò

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òwe yìí fi òjò hàn gẹ́gẹ́ bí adájọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú. Olówó àti tálákà, onílé àti àlejò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú òjò. Ṣùgbọ́n bí a bá tú òwe náà wò dáadáa, ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè: ta ni eji máa ń rí? Ẹni tí ó wà lábẹ́ òrùlé tí kò jò, eji kò rí i. Ẹni tí omi ń ṣàn geere nínú gọ́tà iwájú ilé rẹ̀, àgbàrá kò bá a wọ yàrá. Kì í ṣe òjò nìkan, nígbà náà, ni ó ń pinnu ẹni tí ara rẹ̀ yóò tutù. Ilé, omi, ọ̀nà àti ìjọba ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà.

Iṣẹ́ yìí lo ìtàn Sabon Gari ní ìlú Kánò láti fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ìdí méjì ni Sabon Gari fi yẹ fún irú àgbéyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Èkíní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ wá láti ilẹ̀ òjò, wọ́n sì wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ gùn ju òjò rẹ̀ lọ. Ohun tí ojú ọjọ́ ń ṣe sí ara àti sí àwùjọ hàn kedere nínú ìrìn àjò wọn. Èkejì, ọ̀rọ̀ ìlera wà lára ohun tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi ṣe àwíjàre nígbà tí wọ́n ń pààlà sáàárín àdúgbò kan àti èkejì. Kókó tí iṣẹ́ yìí dìmú ni pé àrùn tí ojú ọjọ́ ń fà ní Kánò kò fi ìgbà kankan jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìkan. Bí ayé ti ń gbóná sí i lónìí, ìtàn ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún yìí ti fi ọ̀nà méjì hàn tí àwùjọ lè gbà dáhùn: ìyàsọ́tọ̀, tàbí ìtọ́jú àjùmọ̀ní.

1. Ìlú Titun Lẹ́yìn Odi

Kì í ṣe ìgbà tí òyìnbó dé ni àwọn Yorùbá kọ́kọ́ mọ Kánò. Àdúgbò Ayagi, tí ó wà nínú odi ìlú àtijọ́, jẹ́ ibùgbé àwọn Mùsùlùmí tí orírun wọn jẹ́ Yorùbá, tipẹ́tipẹ́ kí ojú irin tó dé. Àwọn wọ̀nyí ti di ara ìlú nínú èdè, nínú aṣọ àti nínú ìgbéyàwó. Ìyàtọ̀ dé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Kánò ní 1903. Ní 1911 ni ojú irin dé ìlú náà, ẹnu rẹ̀ kò sì pẹ́ tí ó fi so Kánò pọ̀ mọ́ Èkó. Ọkọ̀ ojú irin kó akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, káfíńtà, télọ̀ àti oníṣòwò wá láti Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn. Obì gbàǹja tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Agége bọ́ sínú ọkọ̀ yìí pẹ̀lú, nítorí pé kò sí ọjà tí ó fẹ́ obì bí ọjà Kánò.

Lẹ́yìn odi, ní ìhà ìlà oòrùn ìlú àtijọ́, nítòsí Fagge, ni ìjọba ti pín ilẹ̀ fún àwọn àlejò yìí. Àwọn Haúsá pè é ní Sabon Gari. Sabo ni titun, gari ni ìlú. Ìlú titun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè kíyè sí ni pé orúkọ kan náà ni ó rìn padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá ní Ìbàdàn ní 1916 ni gbogbo ayé mọ̀ sí Sábó. Yorùbá jẹ́ àlejò ní Sabon Gari Kánò, Haúsá jẹ́ àlejò ní Sábó Ìbàdàn. Bí ìgbà tí ènìyàn wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí ni àdúgbò méjèèjì rí sí ara wọn.

Kí ni ó mú kí ìjọba ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀? Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ẹ̀sìn wà níbẹ̀: ìjọba kò fẹ́ kí àwọn ará gúúsù tí ó mọ̀wé da ètò àkóso àwọn ọba àríwá rú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn ìgbà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1897 ni Ronald Ross fi hàn pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà kiri. Àwọn dókítà kan tí ó ṣe ìwádìí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn èyí gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí àwọn òyìnbó jìnnà sí ilé àwọn adúláwọ̀, nítorí pé ara àwọn ọmọdé adúláwọ̀ ni ẹ̀fọn ti ń gbé ibà. Lugard fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí. Ní àwọn ìlú àríwá, ilẹ̀ òfìfo tí ó fẹ̀ tó yáàdì 440 ni ó ní kí ó wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ti àwọn mìíràn, òfin ìlú ti 1917 sì fi ìdí ètò náà múlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo òyìnbó ni ó gbà bẹ́ẹ̀. William MacGregor, tí ó ṣe Gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, jẹ́ dókítà. Ó kọ̀ láti pín Èkó sí méjì. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú kí wọ́n la ojú àgbàrá, kí wọ́n dí àbàtà, kí wọ́n sì pín oògùn ibà fún aláwọ̀ funfun àti adúláwọ̀ bákan náà. Èrò méjì yìí ni ó dojú kọ ara wọn: ti Lugard ní kí a sá fún aláìsàn, ti MacGregor ní kí a gbẹ́ omi tí ó ń fa àìsàn. Èrò ti Lugard ni ó borí ní Kánò.

2. Kàlẹ́ńdà Ilé àti Kàlẹ́ńdà Àjò

Ẹni tí ó bá kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Kánò kò fi ilé nìkan sílẹ̀. Ó fi kàlẹ́ńdà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń gbóná lọ́dún. Òjò àkọ́rọ̀ a bẹ̀rẹ̀, a rọ̀ títí di oṣù keje, òjò a sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ni àrọ̀kúrò yóò dé. Orí ètò yìí ni àgbẹ̀ gbé iṣu àti àgbàdo rẹ̀ lé. Ní Kánò, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òjò ń rọ̀ lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí di ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Oṣù kẹjọ tí òjò ń sinmi ní ilé ni ó ń gbóná jù lọ ní àjò. Àrọ̀kúrò kò ní ipò kankan níbẹ̀. Ìbàdàn ń gba omi òjò tí ó tó nǹkan bí mìlímítà 1,200 lọ́dún. Ti Kánò sábà máa ń kéré sí èyí.

Àwọn Haúsá ní orúkọ fún ìgbà kọ̀ọ̀kan: damina ni ìgbà òjò, kaka ni ìgbà ìkórè, hunturu ni ìgbà òtútù àti ọyẹ́, rani ni ẹ̀ẹ̀rùn, bazara sì ni ìgbà ooru tí ó ṣáájú òjò. Ọyẹ́ tí Yorùbá mọ̀ bí àlejò ọ̀sẹ̀ mélòó kan di onílé fún wọn ní Kánò láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì. Ètè a máa là, imú a máa gbẹ, erùpẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà a sì bo ojú oòrùn. Oníṣòwò obì ni ó kọ́kọ́ rí ìjà yìí lójú ọjà, nítorí pé obì tí kò bá rí ewé tútù bora, bí igi gbígbẹ ni yóò ṣe rí. Lẹ́yìn ọyẹ́ ni bazara yóò dé. Ní oṣù kẹrin, ooru ọ̀sán a sábà máa súnmọ́ dígírì 40.

Ọ̀nà tí àwọn onílé ń gbà bá ooru yìí gbé ti wà nínú odi ìlú àtijọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Amọ̀ líle tí wọ́n fi ń mọ ilé Haúsá nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ amọ̀. Ooru kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ní Sabon Gari, páànù ni ó gbilẹ̀ lórí ilé. Ojúlé tí yàrá rẹ̀ kọjú síra, tí ìdílé kan ń gbé yàrá kan, ni ọ̀pọ̀ onílé kọ́, nítorí pé owó ilé jẹ́ orísun owó pàtàkì. Páànù dára lójú òjò, ṣùgbọ́n lójú oòrùn bazara, ìkòkò tí a gbé kaná ni. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń gbé ẹní jáde sun àgbàlá ní alẹ́ ìgbà ooru. Igi tí ó gba ọ̀pọ̀ wọn là ni igi kan tí ìjọba kó irúgbìn rẹ̀ wọ àríwá ní ọ̀rúndún ogún, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Íńdíà. Àwọn Haúsá wo gíga rẹ̀, wọ́n pè é ní dogon yaro, èyí tí í ṣe ọmọkùnrin gígùn. Yorùbá sọ ọ́ di dógóyárò, wọ́n jókòó sábẹ́ ìbòòji rẹ̀, wọ́n sì ń se ewé rẹ̀ mu fún ibà.

3. Ọ̀dá àti Ìyàn

Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn tí ojú irin dé tí ojú ọjọ́ fi dán ìlú titun náà wò. Ní 1913, òjò kùnà ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Sàhárà. Ìyàn tí ó tẹ̀ lé e ní 1914 le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Haúsá fi fún un ní orúkọ, Kakalaba, bí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀dá ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dá nìkan ni ó parí rẹ̀. Ojú irin ti sọ ẹ̀pà di owó, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì ti ta ẹ̀pà láti fi san owó orí. Nígbà tí ọkà wọ́n, owó ẹ̀pà kò tó ra ọkà. Michael Watts, nínú iṣẹ́ ńlá tí ó ṣe lórí ìyàn ní ilẹ̀ Haúsá ní 1983, fi hàn pé owó orí àti ọjà òkèèrè ti jẹ àká àwọn tálákà kí ọ̀dá tó kan ilẹ̀kùn.

Ìtàn náà tún ara rẹ̀ sọ. Láti 1968 ni òjò Sahel ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ó sì burú jù ní 1972 àti 1973. Òmíràn tún dé ní 1983 àti 1984. Ọ̀dá ti ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú àrùn tí ó kọlu ẹ̀pà ní 1975, fọ́ òwò tí ó sọ Kánò di olókìkí. Àwọn òkìtì ẹ̀pà tí wọ́n máa ń yà ní fọ́tò káàkiri ayé pòórá. Ní Sabon Gari, akọ̀wé ilé iṣẹ́ ẹ̀pà, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti alárù ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ní ìgboro Kánò gbogbo, àwọn ará abúlé tí oko wọn ti gbẹ ń wọlé wá iṣẹ́, àyè sùn sì ń dín kù. Ọ̀dá tí ó wà lóko di ìhá-gádígádí nínú yàrá. Ìhá-gádígádí yìí ni àrùn kan ń dúró dè.

4. Yírùnyírùn

Àrùn náà ni Yorùbá ń pè ní yírùnyírùn, nítorí pé ó ń yí ọrùn aláìsàn sẹ́yìn. Sankarau ni ti àwọn Haúsá, láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan gan. Èdè méjèèjì wo aláìsàn kan náà, wọ́n sì rí ohun kan náà. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á. Ó ń wọ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ọpọlọ. Ibà líle, orí fífọ́ àti ọrùn gígan ni àmì rẹ̀. Ẹni tí kò bá tètè rí ìtọ́jú lè kú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ó yè é sì ń di adití.

Ìbáṣepọ̀ àrùn yìí pẹ̀lú ojú ọjọ́ ni ó mú un ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní 1963, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Léon Lapeyssonnie, ya àwòrán ilẹ̀ tí àrùn náà ti ń jà ní Áfíríkà. Ó rí i pé bí ìgbànú ni ilẹ̀ náà ṣe na láti ìwọ̀ oòrùn dé ìlà oòrùn, ní àárín ibi tí òjò ọdún jẹ́ mìlímítà 300 àti ibi tí ó jẹ́ 1,100. Kánò wà láàárín gbùngbùn ìgbànú yìí. Ìbàdàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ni pé arìnrìn-àjò tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sí Kánò sọdá ààlà àrùn kan tí kò sí ẹni tí ó ya á sórí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Báwo ni ojú ọjọ́ ṣe ń ṣe é? B. M. Greenwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Zaria, tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1984. Wọ́n fi hàn pé bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti lọ sílẹ̀ ni àrùn náà ń ru sókè, bí òjò bá sì dé, a rọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti erùpẹ̀ ń ha awọ inú imú àti ọ̀fun, ọ̀nà a sì là fún kòkòrò tí ó ti wà nínú ọ̀fun láti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà ti ọ̀fun kan dé òmíràn yàtọ̀ sí èyí. Òtútù òru ọyẹ́ ń mú kí àwọn ènìyàn ti fèrèsé, kí ènìyàn mẹ́fà tàbí méje sì sùn mọ́ra nínú yàrá kan. Ojú ọjọ́ ń la ilẹ̀kùn, ilé kótópó ni ó ń ti kòkòrò wọlé.

Ìjà tí ó tóbi jù lọ dé ní 1996. Láti oṣù kìn-ín-ní títí di oṣù kẹfà ọdún náà, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ènìyàn 109,580 ni yírùnyírùn mú ní Nàìjíríà, 11,717 nínú wọn sì kú. Kánò wà lára àwọn ibi tí ó ti le jù. Ilé ìwòsàn àwọn àrùn tí ń ràn ní Kánò kún dé àgbàlá. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer ti wá dán oògùn titun kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 200 ni wọ́n lò fún ìdánwò náà, ìdajì gba Trovan, ìdajì kejì gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú. Ẹjọ́ lórí bóyá àwọn òbí mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ, kì í ṣe oògùn; ní 2009 ó fara mọ́ àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bàjẹ́ ju owó lọ. Nígbà tí Kánò dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003, ọ̀pọ̀ òbí ni kò tíì gbàgbé 1996. Ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ oògùn pẹ̀lú. Bí ó bá ti tán, abẹ́rẹ́ kò rí apá gún.

Ìròyìn ayọ̀ kò ṣàìsí. Láti òpin 2011 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ MenAfriVac, tí wọ́n ṣe fún Áfíríkà gan-an, irú kòkòrò tí ó ń jà tẹ́lẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Irú mìíràn gba ipò rẹ̀: ní 2017, àwọn tí àrùn náà mú lé ní 14,000, àwọn tí ó sì kú lé ní 1,100, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn ní pàtàkì. Ní 2024, Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ayé tí ó lo abẹ́rẹ́ titun tí ó ń dènà irú kòkòrò náà márùn-ún.

5. Omi Tí Kò Tó àti Omi Tí Ó Pọ̀ Jù

Bí yírùnyírùn ṣe jẹ́ ti ìgbà gbígbẹ, onígbáméjì jẹ́ ti omi. Kò sí ní Nàìjíríà títí di òpin 1970. Ní 1991 nìkan, ó mú ènìyàn 59,478, ó sì pa 7,654. Nígbà tí ó jà ní ìlú Kánò ní 1995 àti 1996, àwọn olùwádìí wá ohun tí ó yà àwọn tí ó ṣàìsàn sọ́tọ̀ sí àwọn aládùúgbò wọn tí kò ṣàìsàn. Ohun méjì ni wọ́n rí: àwọn tí ń mu omi tí wọ́n ń tà ní òpópónà wà nínú ewu jù, àwọn tí ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun sì yọ. Ẹni tí ń ta omi kiri ni Haúsá ń pè ní mai ruwa, tí Yorùbá sọ di mẹ́ruwà. Òun kọ́ ni ọ̀daràn. Ibi tí omi ẹ̀rọ kò bá dé ni òun ń dé. Kánò rí omi ẹ̀rọ ní àyíká 1930, nígbà ìjọba Ẹ́míà Abdullahi Bayero, ṣùgbọ́n ìlú ti dàgbà kọjá ibi tí páìpù gbọ́wọ́ dé. Ẹni tí ó lówó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ẹni tí kò ní ń ra omi kẹ́ẹ̀gì.

Lẹ́yìn ọ̀dá ni ojú ọjọ́ wá yí sí òdìkejì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá wó ìdènà omi Bagauda ní Ìpínlẹ̀ Kánò. Ènìyàn tí ó kú lé ní 100, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé amọ̀ sì yọ́ bí iyọ̀. Níhìn-ín, ogbọ́n tí ó gba onílé lọ́wọ́ ooru ni ó tàn án lójú àgbàrá: amọ̀ tí ó tutù ní bazara ni ó wó ní damina. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, omi wọ ọjà aṣọ Kantin Kwari, tí kò jìnnà sí Sabon Gari, ó sì ba ọjà jẹ́. Àwọn ọlọ́jà kígbe pé orí ojú àgbàrá ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé. Bí àgbàrá bá sì ti lọ, omi tí ó ṣẹ́kù nínú gọ́tà tí pàǹtírí dí a di ilé ẹ̀fọn. Ìparí òjò ni ibà ń pọ̀ jù ní Kánò. Ní 2021, onígbáméjì mú ènìyàn tí ó lé ní 111,000 ní Nàìjíríà, 3,604 sì kú. Kánò wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́rin tí ó kó ju ìdajì wọn lọ.

6. Ooru Tí Ń Lé Sí I

Títí di ibi yìí, ojú ọjọ́ jẹ́ ohun tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ohun tí ó jẹ́ titun ni pé kò padà sí ibi tí ó wà mọ́. Èéfín epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì ti mú kí ayé gbóná ju bí ó ti rí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ ní ohun tí ó lé ní dígírì kan. Ìpín tí Áfíríkà dá nínú èéfín náà kéré gan-an. Fún ilẹ̀ Kánò, ohun méjì ni èyí ti mú wá. Èkíní ni òjò líle. Ní 2017, Christopher Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán láti ojú òfurufú hàn pé ìjì òjò tí ó le jù ní Sahel ti di ìlọ́po mẹ́ta láti 1982. Òjò líle ń wá lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilẹ̀ kò rí i mu, gọ́tà kò rí i gbé.

Èkejì ni ooru fúnra rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2024, ooru gbá gbogbo Sahel mú. Ní Kayes ní Málì, ó dé dígírì 48.5. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé irú ooru bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ bí kì í bá ṣe àyípadà ojú ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn fà. Àgbàlagbà, aboyún, ọmọ ọwọ́ àti ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ooru ń kọ́kọ́ pa, ó sì ń pa wọ́n láìpariwo, nítorí pé ìwé ikú kì í kọ ooru; ọkàn tàbí ibà ni ó ń kọ. Ẹni tí ó ń gbé abẹ́ páànù, tí kò sí iná mànàmáná tí yóò fi tan fáànù, tí wọ́n sì ti gé dógóyárò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kò ní ibi sá sí. Bí ènìyàn bá sì ń bẹ̀rù olè tàbí ìjà ìlú, kò lè gbé ẹní jáde sun àgbàlá mọ́ bí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwùjọ wọ inú rẹ̀ níbí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ti jẹ́ odi tí kò fojú hàn fún àwọn Yorùbá Sabon Gari. Rasheed Olaniyi, tí ó kọ ìtàn Yorùbá ní Kánò láti 1912 sí 1999, fi àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọ òwe wa pé àjò kò dà bí ilé sọ ìwé rẹ̀ lórúkọ. Ní àjò tí ẹ̀gbọ́n àti ìyá kò sí nítòsí, ẹni tí a jọ ń ṣe ìpàdé ni yóò gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, òun ni yóò sì kọ lẹ́tà sí ilé. Nígbà tí ìjà bá dé, bí ó ti dé ní 1953 àti ní 1966, ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín Sabon Gari àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká a fọ́. Gọ́tà kò mọ̀ pé ìjà wà. Pàǹtírí tí àdúgbò kan dà ni ó ń dí omi àdúgbò kejì.

Ìkádìí

Ìtàn yìí fi hàn pé ọ̀dá 1913, yírùnyírùn 1996 àti omi 2022 kò yàn ènìyàn ní ojú lásán. Ẹni tí owó orí ti jẹ àká rẹ̀ ni ìyàn rí. Ẹni tí ó sùn ní yàrá àwọn méje ni yírùnyírùn rí. Ẹni tí ó ra omi kẹ́ẹ̀gì ni onígbáméjì rí. Òwe àwọn àgbà kò ṣì. Ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ohun tí ìtàn fi kún un ni pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú ẹni tí eji ń rí.

Nígbà tí wọ́n fa ìlà Sabon Gari, èrò tí ó borí ni pé ìlera jẹ́ ohun tí a lè fi yáàdì 440 dáàbò bò. Ẹ̀fọn kò ka yáàdì náà, erùpẹ̀ ọyẹ́ kò kà á, àgbàrá kò kà á. Èrò kejì, tí MacGregor dì mú ní Èkó, kò tíì rí àyè gbòòrò ní Kánò: gọ́tà kan tí ó gba àdúgbò gbogbo kọjá, omi mímu tí kò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò, igi tí ó ń ṣíji bo ẹni tí kò gbìn ín. Àwọn Yorùbá tí ó dé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin kọ́ èdè ìbágbé yìí nígbà tí wọ́n gba dógóyárò àti mẹ́ruwà sínú ẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ ti sọdá odi tipẹ́. Omi tí ó mọ́ ni kò tíì sọdá.